Ohun Tí Gbájúẹ̀ Kò Lè Kọ Sínú Ìkéde

 Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà yìí, ẹnu ni mo fi sọ ọ́ ní ìpàdé wa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀yin tí ẹ kò ráàyè wá lè rí i kà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ máa ń pè wá lóru pé ká bá yín wá ẹni tí yóò máa tọ́jú Màmá. Mi ò tún un ṣe púpọ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dúró níwájú èrò, ẹ máa bá mi lọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n sọ bí àwa ajẹ́ntì, tí a ń bá ènìyàn wáṣẹ́ tí a sì ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, ṣe lè máa ṣe iṣẹ́ alukoro fún ara wa lórí WhatsApp, Facebook àti Instagram. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ẹ fẹ́ kí n sọ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn ṣe máa tẹ̀lé yín kí oṣù tó parí. Mi ò ní í sọ ìyẹn, nítorí ìyẹn kọ́ ló ń ṣe wá. Ohun tó ń ṣe wá ni pé ìkéde tiwa àti ìkéde gbájúẹ̀ ti jọra jù. Ọmọ tó ń wáṣẹ́, tó di fóònù mú ní Ladi-Lak, tí dátà rẹ̀ ti fẹ́ tán, kò lè mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn. Bí kò bá sì lè dá wa mọ̀, kí la wá ń polówó?

Àwa ará ibí ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé la dàgbà sí. Ẹ gba ọ̀nà Ṣípéolú wọlé, ẹ máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, páálí oògùn, ìwé ètò ìsìnkú, gbogbo Èkó ló ń gbé e wá síbí. Ibí náà ni wọ́n ti ń tẹ àwọn póstà pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òpó iná, pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ ní kíákíá. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í béèrè bóyá iṣẹ́ náà wà lóòótọ́. Mélòó lẹ fẹ́, bébà wo, ìgbà wo lẹ máa wá gbé e, ó parí. Ẹ̀rọ kan náà lè tẹ ti ajẹ́ntì gidi láàárọ̀ kó tẹ ti oníjìbìtì lọ́sàn-án. Mi ò dá àwọn atẹ̀wé wa lẹ́bi, wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n póstà ṣì ń náni lówó nígbà yẹn, àti lílẹ̀ rẹ̀, òjò sì ń fà á ya. Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù á ṣe ìkéde aláràbarà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì fi ránṣẹ́ yí gbogbo Èkó ká láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àwa tí a ti dàgbà díẹ̀ rántí ìgbà tí iṣẹ́ wà nínú ìwé ìròyìn, tí ẹni tí kò lówó láti rà á á dúró sídìí fẹ́ńdọ̀, á máa kà á lọ́fẹ̀ẹ́ títí fẹ́ńdọ̀ á fi bínú. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, dá Jobberman sílẹ̀, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wá sórí ayélujára. Ó dára fún ẹni tó ní CV àti kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá iṣẹ́ gáàdì, iṣẹ́ dírẹ́bà, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí ti atajà ní ṣọ́ọ̀bù kì í sáábà dé ibẹ̀. Status ajẹ́ntì àdúgbò ló ń wò. Àwa ló ń wò.

Kí ló wá ń rí? "A ń wá òṣìṣẹ́ kíákíá! Ọkùnrin, obìnrin. Owó oṣù ₦80,000 sí ₦150,000. Ẹni tó níwèé, ẹni tí kò níwèé. Pe nọ́ńbà yìí." Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ta ni nínú wa tí kò tíì gbé irú èyí jáde rí? Kò sí orúkọ agbanisíṣẹ́ níbẹ̀, kò sí àdúgbò, kò sí ọjọ́ tí yóò parí. Gbájúẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Àwa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí ẹ̀rù ń bà wá. A ń bẹ̀rù pé bí a bá dárúkọ ilé-iṣẹ́, ẹni tó ń wáṣẹ́ á fò wá, á lọ bá wọn tààrà, tàbí kí ajẹ́ntì ẹlẹgbẹ́ wa lọ gba oníbàárà mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á kò rí ìdí. Ohun tí a kọ ló rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọjọ́ Ajé kan, mo dé ọ́fíìsì, mo bá ènìyàn mọ́kànlá lẹ́nu géètì. Wọ́n wọ aṣọ íńtáfíù, wọ́n mú fáìlì dání. Ọ̀kan fi fóònù hàn mí: orúkọ ilé-iṣẹ́ wa, àmì wa, àdírẹ́sì wa, lórí ìkéde iṣẹ́ kan tí a kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Olúkúlùkù wọn ti san ₦7,500 sí àkáǹtì ẹnì kan fún fọ́ọ̀mù àti àyẹ̀wò ara. Wọ́n ní kí wọ́n wá gba lẹ́tà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ohun tí mo ṣe kò dáa, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Mo ní kí gáàdì ti géètì, kó sọ fún wọn pé a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí wọ́n lọ bá ẹni tí wọ́n fún lówó. Mo rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀ síta, àwọn oníbàárà wa á gbọ́ pé orúkọ wa wà nínú ọ̀rọ̀ jìbìtì. Mo ní kí n ṣáà dákẹ́, á rọlẹ̀. Èmi dákẹ́, àwọn kò dákẹ́. Ọmọbìnrin kan láàárín wọn, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní Bàrígà, gbé fóònù sókè, ó ya géètì wa, ó ya pátákó wa, ó ya gáàdì tó ń lé wọn. Kò bú wa o. Ohun tó sọ kò ju pé: "Ibí ni wọ́n ní ká wá. Wọ́n ti ti géètì mọ́ wa." Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò yẹn ti dé inú ẹgbẹ́ WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́jọ́rú, ilé-ìwé aládàáni kan tí a ti ń bá wá olùkọ́ fún ọdún mẹ́rin pè mí, wọ́n ní ká ṣì dúró ná. Wọn kò tíì pè padà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tó lọ sídìí ẹ̀wà. Ìyá yẹn ń bu oúnjẹ fún oníbàárà, kò wojú mi. Mo dúró. Nígbà tó yá, ó ní: "Ṣé ẹ̀yin ni ọ̀gá ibẹ̀? Owó àjọ mi ni owó yẹn. Mi ò ní kí ẹ dá a padà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbà á. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ kò jáde sí wọn?"

Mi ò rí nǹkan fi dá a lóhùn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo padà sí ọ́fíìsì, a sì bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn mọ́kànlá yẹn níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ojú ti wá tì mí jù. Gbogbo wọn pátá ló wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀ fún àwọn tó ń wáṣẹ́. A ti gbé líǹkì ẹgbẹ́ náà sí Facebook kí èrò lè pọ̀. Èrò pọ̀ lóòótọ́. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń rí nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Gbájúẹ̀ wọlé jẹ́ẹ́, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀, ó ń kó nọ́ńbà. Ó wá ń kọ̀wé sí wọn lẹ́yìn wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì tó jí lórí ojú-ìwé wa. Nítorí náà, nígbà tí mo ní kí gáàdì sọ pé a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, irọ́ ni mo pa láìmọ̀. Àwa la ṣílẹ̀kùn.

A lọ ṣàlàyé ní àgọ́ ọlọ́pàá, a kó nọ́ńbà àkáǹtì náà fún wọn. Owó kò padà.

A ti pa ẹgbẹ́ yẹn rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní irú rẹ̀, ẹ pa tiyín náà rẹ́, tàbí kí ẹ kó àwọn ènìyàn yín lọ sí ibi tí wọn kò ti ní í máa rí nọ́ńbà ara wọn. WhatsApp ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní channel láti ọdún 2023. Ẹni tó ń tẹ̀lé yín níbẹ̀ kò rí nọ́ńbà ẹnì kejì rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní broadcast náà wà, ènìyàn 256 ló ń gbà nínú ọ̀kan, ẹni tí kò bá sì ti tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀ kò ní í rí i gbà. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ẹni tó tọ́jú nọ́ńbà yín mọ̀ yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, a tẹ ìkéde mẹ́wàá tí àwa fúnra wa ti gbé jáde sórí bébà, a tẹ ti gbájúẹ̀ náà, a dà wọ́n pọ̀ sórí tábìlì. Mo pe ọmọ tó ń bá wa gbálẹ̀, mo ní kó mú ti olè jáde. Tiwa ló mú.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí bi ara mi pé, kí ni gbájúẹ̀ kò lè kọ? Ẹ má yára dáhùn o. Ó lè kọ àdírẹ́sì; ó kọ tiwa. Ó lè kọ nọ́ńbà CAC. Ó wà ní gbangba lórí ìkànnì CAC, ẹnikẹ́ni lè ṣí i wò. Ó lè kọ ọ́ pé Ọlọ́run ń bẹ. Ohun tí kò lè ṣe ni kó ní ọjọ́ orí. Bí ẹ bá ṣí ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ kan lórí Facebook, tí ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Page transparency sí, ẹ máa rí ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti orúkọ tó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ojú-ìwé tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ti ń jẹ́ orúkọ ilé tẹ́tẹ́ rí, kò lè fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó bá wò ó. Ohun kejì tí kò lè ṣe ni kó jókòó síbi tó ní òun wà. Ó kọ àdírẹ́sì wa, ṣùgbọ́n èmi ni mo wà níbẹ̀. Ká ní mo ti ń kọ ọ́ fún ọdún mẹ́rin, lábẹ́ gbogbo ìkéde, pé nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà lára pátákó wa ni tiwa, pé a kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, àwọn mọ́kànlá yẹn ì bá ti mọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ₦7,500. Gbájúẹ̀ lè jí ọ̀rọ̀ náà kọ, àmọ́ bó bá kọ ọ́, báwo ló ṣe máa gba owó?

Ọ̀rọ̀ owó yìí, mo mọ̀ pé ó máa dùn àwọn kan nínú yín. Ọ̀pọ̀ ajẹ́ntì ọmọ ọ̀dọ̀ ní àdúgbò wa ló ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ẹ máa sọ pé owó bébà ni, owó fọ́tò ni. Mi ò wá ṣe ọlọ́pàá yín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àdéhùn àjọ ILO lórí ajẹ́ntì aládàáni, Nọ́ńbà 181 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1997, sọ pé ajẹ́ntì kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, yálà tààrà tàbí lẹ́yìn, díẹ̀ ni ibi tí wọ́n gbà kó yẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1973 ti ka gbígba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ léèwọ̀. Àgbanisíṣẹ́ ló ń san án. Ní tiwa níbí, Òfin Òṣìṣẹ́ sọ pé a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí a tó máa gba òṣìṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní i, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìkéde. Ẹni tí kò bá ní i, kó lọ bá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó máa wá ènìyàn tí yóò tẹ̀lé e lórí Instagram.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ owó ni pé orílẹ̀-èdè yìí ti rí ohun tí owó fọ́ọ̀mù lè dà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè, ìyẹn Immigration, pe àwọn tó ń wáṣẹ́ wá ṣe ìdánwò ní pápá ìṣeré káàkiri. Ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn tó ti forúkọ sílẹ̀ lórí ayélujára, ₦1,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún àyè tí kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Wọ́n tẹ ara wọn pa lẹ́nu géètì, ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna, ní Benin. Ó kéré tán, ènìyàn 15 ló kú, àwọn aláboyún wà nínú wọn. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun kan ni mo máa ń wò nínú ọ̀rọ̀ náà: ìkéde kan pe gbogbo ènìyàn, ó gba owó gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tó ka iye àwọn tó ń bọ̀ mọ́ iye àyè tó wà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ìkéde iṣẹ́ gáàdì méjì jáde láìkọ iye àyè àti ọjọ́ ìparí, ẹ rántí géètì yẹn.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló kàn. Gbogbo yín lẹ mọ irú status tí mò ń sọ. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú ògiri, kò rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọmọ ọdún 19, ó mọ oúnjẹ sè, kò ní wàhálà, ó ti ṣe tán." Ajẹ́ntì tó gbé e síbẹ̀ kò ro ibi. Ó fẹ́ kí ọmọ ríṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àwọn akọ̀ròyìn BBC gbé e jáde pé ní Kuwait, wọ́n ń ta àwọn obìnrin tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lórí Instagram àti lórí áàpù ọjà, pẹ̀lú fọ́tò àti iye owó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé ìwé ìrìnnà ọmọbìnrin Nàìjíríà kan sórí ojú-ìwé Facebook tí wọ́n ti ń tajà tí wọ́n ti ń rajà, ó ní dọ́là 1,000 lòun ń tà á. Ìjọba ibẹ̀ mú un. Nígbà tí ìròyìn yẹn jáde, gbogbo wa la bínú. Èmi náà bínú. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí status tiwa, mo wá àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Àyàfi iye owó tí kò sí lórí tiwa.

Ọmọ yẹn ní ìyá, ó ní àwọn tó bá a kàwé. Àwòrán tí ẹ gbé sí status á lọ lẹ́yìn wákàtí 24, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti yà á sórí fóònù rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 sì kan ajẹ́ntì oníyàrá kan bó ṣe kan báǹkì: fọ́tò, NIN, àdírẹ́sì ẹni, a kò gbọdọ̀ gbé e síta láìjẹ́ pé ó mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, tó sì gbà. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Èkó ní láti ọdún 2007, kì í ṣe "ọmọ tó ti ṣe tán". Ní tiwa, iṣẹ́ la ń kéde, a kì í kéde ènìyàn mọ́. Àgbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ rí ẹni tí a ní yóò wá sí ọ́fíìsì, tàbí ká jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò, kí ọmọ náà sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tirẹ̀: yàrá wo ni màá sùn, ọjọ́ wo ni ìsinmi mi? Oníbàárà méjì ti bá wa bínú lórí ìyẹn. Wọ́n ní ajẹ́ntì mìíràn á fi fọ́tò ogún ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó mumi tán. Mo ní kí wọ́n lọ bá a.

Ẹ tún gbọ́ ti àwọn tí kò ríṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ alukoro wà. Bí ènìyàn 60 bá wá fún àyè kan, ènìyàn 59 ló máa lọ sílé láìríṣẹ́. Ẹni kan tó ríṣẹ́, iṣẹ́ ti gbà á lọ, kò ráàyè sọ̀rọ̀ wa. Àwọn 59 yẹn ló wà ní Pedro, ní Akọ́kà, ní Ìgbóbì, tí wọ́n ráàyè. Kí ni wọ́n máa sọ? Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í pè wọ́n padà. A ń sọ pé wọ́n á mọ̀ fúnra wọn bí wọn kò bá gbọ́ wa. Ọmọ ènìyàn kì í mọ̀. Ó máa ń dúró ni. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọ iṣẹ́ lébìrà ọ̀sẹ̀ méjì torí ó ń retí ìpè wa, àyè ọ̀hún sì ti kún láti ọjọ́ kejì. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kékeré kan là ń fi ránṣẹ́: "Ẹ kú ìrọ́jú. Àyè dírẹ́bà tí ẹ wá fún ti kún lónìí. Láísẹ́ǹsì yín dára, ẹni tó mọ ọ̀nà Ìkòròdú jù ni wọ́n mú. Orúkọ yín ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá fẹ́ ká yọ ọ́, ẹ sọ fún wa." Owó tó ń ná wa kò tó owó omi inú ọ̀rá. Ẹ kọ ìdí gidi síbẹ̀ o. Bí ọjọ́ orí ni wọ́n fi kọ ẹni náà, tí ẹ kọ ọ́ pé ìwé-ẹ̀rí ni, ó máa mọ̀.

Bí ẹnì kan bá bú yín ní gbangba, ẹ má pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Mo rí i tí àwọn ajẹ́ntì ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á dí ẹni náà lọ́nà, ẹni náà á wá lọ gbé e sí ojú-ìwé àdúgbò níbi tí wọn kò ti lágbára lórí rẹ̀. Gáàdì kan kọ ọ́ sábẹ́ ìkéde wa pé a yọ owó yúnífọ́ọ̀mù nínú owó oṣù òun láìsọ fún òun. Akọ̀wé mi ti fẹ́ fi èébú dá a lóhùn. Mo ní kó mú ìwé àdéhùn wá. A wò ó, kò sí owó yúnífọ́ọ̀mù níbẹ̀. Òótọ́ lọkùnrin náà ń sọ. A dá owó rẹ̀ padà, a sì kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ gan-an pé a ti ṣàṣìṣe, a ti dá a padà, àwọn mìíràn tó kàn ń bọ̀ wá gba tiwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àgbanisíṣẹ́ tuntun méjì ló ti sọ fún mi pé òun làwọn kà kí àwọn tó pè wá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, ọ̀rọ̀ kan fún yín. Láti oṣù Kejì ọdún 2022 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣí físà fún àwọn olùtọ́jú arúgbó ni ìkéde ajẹ́ntì ti kún Facebook níhìn-ín, àwọn ènìyàn wa sì ta ilẹ̀ láti san owó ìwé tí òfin ibẹ̀ kò ní kí òṣìṣẹ́ sanwó fún. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024, olùtọ́jú tuntun kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọn kò gba ẹni tuntun láti òkè òkun fún iṣẹ́ náà mọ́ rárá. Síbẹ̀, ìkéde "olùtọ́jú, pẹ̀lú ìdílé" kò tíì kúrò lórí fóònù àwọn ọmọ Bàrígà. Orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún láṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun wà lórí ìkànnì wọn, ẹnikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àbúrò yín bá fi irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kàn fi ọwọ́ àdúrà dá a lóhùn. Ẹ bá a wò ó.

Ní ti ẹ̀rù tó ń bà wá pé wọ́n á fò wá lọ bá oníbàárà, àdéhùn ló ń wò ó. A ti ń kọ ọ́ sínú ìwé báyìí pé bí àgbanisíṣẹ́ bá gba ẹnikẹ́ni tí a fi ránṣẹ́ sí i láàárín oṣù mẹ́fà, yóò san owó wa, ọ̀nà yòówù kí ẹni náà gbà dé. Láti ìgbà yẹn la ti lè kọ̀wé bí ènìyàn. Ẹ wo ọ̀kan tí a gbé jáde láìpẹ́:

"A ń wá dírẹ́bà méjì fún ilé búrẹ́dì kan ní Pedro. Owó oṣù ₦110,000, a kò ní í yọ nǹkan kan níbẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ẹ mú láísẹ́ǹsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí lọ́jọ́rú, láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méjì ọ̀sán. A máa parí ìforúkọsílẹ̀ lọ́jọ́rú náà. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó, àwa kọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, a gbé èyí lé e: "Àyè dírẹ́bà méjì ti kún. Ènìyàn 43 ló wá. A ti kọ̀wé sí gbogbo yín." Ènìyàn tó fẹ́ràn ìkéde kejì pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ràn àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu.

Ọmọ ìyá ẹlẹ́wà kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó rí tirẹ̀ ní Yábàá. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa wo ìkéde kí a tó máa gbé e jáde, ó sì gbà. A ń san owó dátà fún un. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ó ti ní òun máa wá. Ẹ̀yin ajẹ́ntì, ẹ mú fóònù yín dání, kí olúkúlùkù ṣí ìkéde tó gbé jáde kẹ́yìn, kí a fún un kà.